Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Gbogbo Ọ̀rọ̀ Ti Ṣẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ọ̀run tí Dúrójayé kò mọ ilé tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó nára lọ sí yunifásítì, ẹ ṣe ara yín pẹ̀lẹ́. Ẹ ì bá kàn yà sí àdúgbò Parsloes ní Dagenham, Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ béèrè ilé Bàbá Tiwa, bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò, kí ẹ sì dúró títí yóò fi ti River Road dé, níbi tó ti ń wa fọ́kílíìfìtì ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Bó bá ti bọ́ bàtà onírin ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, tó bu ṣúgà sínú tíì títí ṣíbí fi fẹ́ dúró fúnra rẹ̀, ó ku kí ẹ dárúkọ ìlú tó bá wù yín. Yóò sọ bó ṣe jẹ́ pé Yorùbá ló ni ín.

Barking ńkọ́? Ti Barking kò tilẹ̀ le rárá. Ó ní “Bá-kín” ni. Àwọn baba ńlá wa ló dé etí odò Roding ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ìdọ̀tí ìrìn-àjò wà lára wọn, ni wọ́n bá ń bá ara wọn kín ẹ̀yìn. Ìdí tí àwọn baba ńlá ọ̀hún fi fi oòrùn ilé sílẹ̀ wá wẹ̀ nínú omi tútù bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó bi í. Ọjọ́ tó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ kígbe Halelúyà, Àpọ́sítélì Ìbíyẹmí tó jẹ́ olórí ìjọ náà sì ṣe àmín kíákíá, nítorí ìsìn ti gùn, ebi sì ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni Dúrójayé ṣe tú Íjíbítì, ó tú Jámánì, ó tú Japáànù. Àwọn ará Japáànù kò tíì gbọ́ títí di òní.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí ọ̀gbẹ́ni yìí sí. Peckham ló kọ́kọ́ dé sí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí owó ilé ibẹ̀ tó lé òun àti Moṣọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá sí Dagenham, bó ṣe lé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Tiwaladé. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, tíṣà kan pe àwọn òbí rẹ̀, ó ní kí wọ́n má sọ èdè mìíràn sí i nílé àfi Gẹ̀ẹ́sì, kí orí ọmọ má baà dàrú. Dúrójayé tó ti fi ẹnu na gbogbo ọ̀mọ̀wé ayé láti orí àga rẹ̀, kò bá tíṣà yìí jiyàn. “Yes, Miss,” ló wí. Láti ọjọ́ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilé, tòun ti pé Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún ń rùn irú àti ògìrì. Yorùbá di ohun tó ń bá ìjọ sọ, tó ń bá fóònù sọ, tó sì ń bá àwọn ará Íjíbítì tó ti kú sọ.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Tiwaladé, tó ti di nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn dókítà eléyín, mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé. Naail lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ìlú Barking níbí ni wọ́n bí i sí, àmọ́ erékùṣù Màlidífì, lójú òkun Íńdíà, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Dúrójayé wá ibẹ̀ lórí fóònù, omi ló rí. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú, omi ló tún rí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló dùn ún o. Òótọ́ ni pé Mùsùlùmí ni wọ́n, Aládùúrà sì ni òun, tó ń wọ sùtánà funfun tí kì í wọ bàtà wọ ilé Olúwa. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀fíátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sí Mẹ́kà, àti Iléyá àti Kérésìmesì ni wọ́n sì jọ ń jẹ ní Ìjẹ̀bú láti kékeré. Ohun tó ń dun Dúrójayé ni pé wọn kì í ṣe Yorùbá. Ọkùnrin mìíràn ì bá gbàdúrà díẹ̀, kó gba kámú. Dúrójayé rí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ: yóò sọ wọ́n di Yorùbá.

Dhivehi ni wọ́n ń pe èdè wọn. Gbogbo àkókò ìsinmi níbi iṣẹ́ ni ọkùnrin yìí fi ń wá ọ̀rọ̀ wọn kiri lórí fóònù, tí oúnjẹ rẹ̀ fi ń tutù. Nígbà tó rí i pé bas ni wọ́n ń pe èdè, ó lu tábìlì gbàà. “Bá sọ̀!” ló wí. “Bá sọ̀rọ̀ ni! Wọ́n gbàgbé rọ̀ sínú òkun!” Nígbà tó tún rí i pé iru ni wọ́n ń pe oòrùn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Kí ni à ń sá irú sí, bí kì í bá ṣe oòrùn? Ó dá a lójú pé ọmọ Odùduwà kan ló wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ìjì gbé lọ, tí kò sì rántí ọ̀nà ilé mọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ àjèjì, ìbátan tó sọnù ló fẹ́.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò. Zuhudha ìyá Naail wá, opó ni, inú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sójú àwọn tí wọ́n wó ní Gascoigne, Barking, ló ń gbé. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ìborí rẹ̀ aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Ohun tí Dúrójayé kò bi ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe kó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì gidi kí i káàbọ̀ padà sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ó tú bas fún un. Ó tú iru fún un, ó sì ní kí Moṣọpẹ́ gbé irú wá láti ilé ìdáná kí àlejò lè fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn ẹ̀rí. Moṣọpẹ́ kò dìde.

Zuhudha gbọ́ ọ títí ó fi parí, ó sì mu omi díẹ̀. Olùkọ́ èdè Dhivehi ló jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Malé, olú ìlú wọn, kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ kíláàsì tó fẹ́ràn àtinawọ́ sọ̀rọ̀ ló fi ṣàlàyé, pé inú Sáńsíkíríìtì, èdè àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà, ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bas ti inú bhāṣā jáde, èdè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Iru ti inú sūrya jáde, oòrùn ni. Handhu tí wọ́n ń pe òṣùpá ti inú candra jáde. Orúkọ èdè náà gan-an, dvīpa tó túmọ̀ sí erékùṣù ló wà nídìí rẹ̀, torí náà ohun tó jẹ́ ti àwọn ará erékùṣù ni Dhivehi. Ó ní ẹnu àwọn èèyàn òun ti fọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí títí, bí òkun ṣe ń fọ òkúta, àmọ́ ẹni tó bá mọ ìyá wọn yóò ṣì dá wọn mọ̀.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀, kó ní kí wọ́n máa gbé ìrẹsì bọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí Dúrójayé wí.

“Madam, thank you. And Sanskrit, where did Sanskrit come from?” Kí Zuhudha tó la ẹnu, Dúrójayé ti bá a dáhùn. “Ṣàn-kiri-tì! Our language flowed about, ó ṣàn kiri. It reached India, ó tì!”

Naail wolẹ̀. Moṣọpẹ́ fi ìbòrùn bo ojú. Zuhudha ní òun dúpẹ́ fún àlàyé náà, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì lọ sílé rẹ̀. Inú Dúrójayé dùn. Ó rò pé òun ti borí.

Tiwaladé kò tẹ ilé baba rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì fi Dúrójayé sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí kò ti lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi atẹ́gùn. Nígbà tí Tiwaladé wá bímọ obìnrin, òun fúnra rẹ̀ ló pe baba rẹ̀ lórí fóònù.

“Dad, listen. Mummy says you've got a name for her. I want you to call it, I really do. But one word, one word, about where anybody's language came from, and Apostle's calling the name, and you're not carrying her. Ṣé ẹ gbọ́?”

Yorùbá tó kù sí i lẹ́nu ló lò tán lẹ́ẹ̀kan náà yẹn.

Dúrójayé gbọ́. Láti ìgbà tí ikùn ọmọ rẹ̀ ti yọ ló ti ní orúkọ náà lọ́wọ́, tó ń pè é fún ara rẹ̀ lórí fọ́kílíìfìtì láàárín àwọn àpótí: Ayọ̀mípọ̀sí. Kò sí ohun tó wù ú láyé tó kí òun gbé ọmọ náà dání, kí òun sì pe orúkọ yẹn sí i létí kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó wá di dandan kó dákẹ́ kó tó lè rí i ṣe. Ẹja ni wọ́n ní kó má fi ara kan omi.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Moṣọpẹ́ rán an fún ìsọmọlórúkọ, kó lọ ra oyin. Omi wà nílé, iyọ̀ wà nílé, obì àti orógbó ti dé láti ọ̀dọ̀ ará ìjọ kan. Oyin nìkan ló kù. Dúrójayé dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìgò oyin lé káńtà, ó sì bi ọlọ́jà, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, bóyá ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà oyin ti wá. Ọlọ́jà kò mọ̀. Ìdúró ọjọ́ náà gùn. Wọn kò tíì sọ pé kó má ṣàlàyé fún ará Pólándì. Ó ṣàlàyé oyin títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bọ ọlọ́jà lọ́wọ́, ó sì fi oyin sílẹ̀ lórí káńtà.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, ilé Dúrójayé ló di. Àpọ́sítélì Ìbíyẹmí ti dé pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, Naail wọ aṣọ funfun, Zuhudha sì wà ní ilé ìdáná lọ́dọ̀ Moṣọpẹ́, ó ń bá a to àwo. Ìgbà náà ni Moṣọpẹ́ pe ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Tiwa, oyin dà?”

“Oyin?”

“Oyin tí mo ní kẹ́ ẹ rà. Ohun kan ṣoṣo! Ṣé mo rán yín ní méjì ni?”

Dúrójayé wo inú fìríìjì bí ẹni pé oyin lè ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Moṣọpẹ́ káwọ́ lérí. Zuhudha ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kan jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n dúdú, ó ki bí oyin. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó rọ̀ ṣàlàyé pé inú omi tí wọ́n ń dá lára igi àgbọn ni wọ́n ti ń sè é nílé, òun sì ti gbé e bọ̀ fún ọmọ ọmọ òun. Hakuru lorúkọ rẹ̀. Ìyá ọmọ kò ní jẹ́ kí ohun dídùn kan ọmọ lẹ́nu lóòótọ́, oyin tàbí òmíràn, iṣẹ́ eyín tó ń ṣe ò ní jẹ́ kó gbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà lè tọ́ ọ wò fún un.

Lẹ́yìn náà ló wo Dúrójayé lójú, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, Bàbá,” ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí. “Ẹ ti bù ú sínú tíì yín láàárọ̀ yìí.”

Ó ní śarkarā ni Sáńsíkíríìtì ń pe ṣúgà. Ọmọ méjì ni ọ̀rọ̀ náà bí. Ọ̀kan gba ìsàlẹ̀ lọ sójú òkun lọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun, ẹnu wọn sọ sà tó wà níbẹ̀rẹ̀ di hà, ó di hakuru. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ará Ìbàdàn ṣe ń pe iṣu kò ní bá a jiyàn. Èkejì gba òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà, ó dé ẹnu Lárúbáwá, wọ́n ní sukkar, ó dé Yúróòpù, Gẹ̀ẹ́sì gbà á, Gẹ̀ẹ́sì sì kó o wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ibẹ̀ ló ti di ṣúgà. Ọmọ ìyá kan náà ni hakuru àti ṣúgà, ọ̀nà ló yà wọ́n.

Orí Dúrójayé wú. Ìbátan tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ rèé! Kò sí nínú irú, kò sí nínú Odùduwà, inú ife tíì òun ló ti ń gbé, tó ń fi ṣíbí rò ó láràárọ̀. Òótọ́ ni, tíṣà ló sọ ọ́, ó sì ṣeé sọ fún gbogbo ìjọ pé àna wọn kì í ṣe àjèjì! Ohun kan ṣoṣo tó bà á jẹ́ ni pé Yorùbá kọ́ ló bí ọ̀rọ̀ náà, Yorùbá ló gbà á tọ́. Síbẹ̀, bó bá tún un dà díẹ̀... Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹnu yíyà. Tiwaladé ló dúró síbẹ̀, ó gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Ẹnu náà padé. Ẹ wo bí ó ṣe dun ọkùnrin náà tó, kó ní òótọ́ lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kí wọ́n sì ti dè é lẹ́nu.

“Ẹ ṣé, Màmá,” ló wí fún Zuhudha, ó sì gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àpọ́sítélì kọ orin, ó ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó gbé omi sókè, ó gbé iyọ̀, ó gba àdúrà sí wọn. Wọ́n ti fẹnu kò pé bó bá kan ohun dídùn, bàbá àti ìyá ọmọ ni yóò súre, kálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Naail gba àwo hakuru. Ọmọ tí wọ́n bí ní Barking, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì àdúgbò ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, ó la ẹnu, Dhivehi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò dúró, kò kọsẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ojú, ètè tirẹ̀ náà ń lọ. Nígbà tó parí, ó gbé àwo fún ìyàwó rẹ̀.

“Ó kàn ọ́, ìyá ọmọ,” ni Àpọ́sítélì wí. “Fi èdè baba ẹ súre fún ọmọ ẹ.”

Tiwaladé gbé àwo dání. Ó wo hakuru inú rẹ̀. Ó wo Àpọ́sítélì, ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí baba rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré.

“Dad. What do I say?”

Dúrójayé kọ́kọ́ rò pé ó ń dán òun wò ni. Nígbà tó wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ojú ń tì í, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìgbà náà ni ó tó yé ọkùnrin tí gbogbo nǹkan ń yé. Ó mọ bí Yorùbá ṣe dé Japáànù. Ó mọ bó ṣe dé ojú òkun Íńdíà. Kò dé orí àga tó kọjú sí tirẹ̀, níbi tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí jẹ kọnfúléèkì, nítorí tíṣà kan ló ní kó má dé ibẹ̀, òun sì dáhùn pé yes. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun ti ilé bọ́ síta, kò sì wẹ̀yìn. Ojú ti Dúrójayé. Ó dùn ún wọra.

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tiwaladé. Moṣọpẹ́ na ọwọ́ láti fa aṣọ rẹ̀, kò bá a.

“Sọ pé, ṣúgà rèé,” ló wí.

“Suga ree.”

“Ayé ẹ á dùn.”

“Aye e a dun.”

“Ọ̀nà ilé ò ní dí mọ́ ọ.”

Èyí gùn fún un, ó mú un díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Dúrójayé tó máa ń dá ìwàásù dúró láti tún ohùn oníwàásù ṣe, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó ń sọ ọ̀kan, ó ń dúró, Tiwaladé ń mú un, títí àdúrà fi pé. Ìjọ ṣe àmín. Tiwaladé kò bi í bóyá ó ti da àdéhùn tàbí kò dà á, ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ó tẹ ẹnu mọ́ ọmọ létí. “Ayọ̀mípọ̀sí,” ló wí. Àpọ́sítélì ní kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò, gbogbo ìjọ sì mí kanlẹ̀, wọ́n tún ìjókòó wọn ṣe, wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀. “Ayọ̀ mi ti pọ̀ sí i,” ni Dúrójayé wí. Wọ́n dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù.

Nígbà tí wọ́n ti ń jẹun, Zuhudha wá jókòó tì í. Ọmọ ti sùn sí i léjìká. Obìnrin náà jẹ́ tíṣà, kò lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ayé,” ló wí, ó pè é dáadáa, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. “Ọ̀rọ̀ tó dùn nìyẹn. Níbo ló ti wá, Bàbá?”

Moṣọpẹ́ tó gbé tíréè bọ̀ dúró gbagidi. Tiwaladé gbé ojú sókè.

“Mi ò mọ̀,” ni Dúrójayé wí. Ó yíjú sí Tiwaladé. “Tún un sọ fún mi. Ayé.”

“Aye.”

“Ayé.”

“Ayè.”

“Ó ń bọ̀,” ló wí, ó sì gbé ọmọ sí èjìká kejì.